Ajá Gíga Tó Wọ Màrìwò Wọlé Wa

Ní agboolé wa ní Iléṣà, wọn kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ nínú tí kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ajá ni yóò fi sọ ọ́, yóò sì máa pe ajá náà lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ṣe ní ajá kéékèèké méjì nìyẹn. Obìnrin kan wà tí ojúlé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ohun tí ó bá wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ wa, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà kò bá a jà. Ó sọ akọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, ó sọ abo ní Jẹ́nsinmi. Láràárọ̀, bí a bá ti gbálẹ̀ tán, á dúró sí ẹnu ọ̀nà, á fi ohùn tó dé òdìkejì ké pe ajá: "Jẹ́nsinmi! Jẹ́nsinmi o! Ṣé o ò ní jẹ́ kí n sinmi ni?" Obìnrin yẹn á wọlé, á ti ilẹ̀kùn gbà. Àmọ́ ajá tí a ń pè ní Jẹ́nsinmi yìí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi rí. Kò ga ju àpótí ìdáná lọ. Bí ewé bá já bọ́, á gbó. Bí ewúrẹ́ bá sín, á gbó. Bí àlùfáà bá wá kí wa, á dì mọ́ etí aṣọ rẹ̀ títí yóò fi gbàdúrà tán. Tanímọ̀la ni àgbà, òun ní sùúrù. Oorun ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mú iṣẹ́ náà lókùn-únkúndùn.

Bàbá mi ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, iwájú ilé ni a sì ti ń sá èyí tí kò tíì gbẹ dáadáa. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni láti máa fi ẹsẹ̀ tú u lórí ẹní kí oòrùn lè kàn án yíká. Bí mo bá pa ojú dé lónìí, mo ṣì ń gbọ́ ọ̀sán agboolé náà: kòkó ń dún ṣàràṣàrà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ẹwìrì ń mí lẹ́yìnkùlé níbi tí Bàbá Àgbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́ àti àdá, nígbà tí ilẹ̀ bá sì fẹ́ ṣú, odó iyán á gbà á láti ojúlé dé ojúlé. Bàbá Àgbẹ̀dẹ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ìyá kan náà ló bí wọn. Òun ni olórí àwọn tó ń bọ Ògún nílé wa. Bàbá mi ní tirẹ̀ jẹ́ àgbà ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Àgbà a máa sọ pé ikùn òun ò ṣe ẹlẹ́sìn kan, ẹni tó bá ti wá ni òun gbé. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, olè kò jẹ́ ká gbádùn. Wọ́n á wá ní ìdájí, nígbà tí ọyẹ́ bá mú tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kúrò lábẹ́ aṣọ, wọ́n á kó kòkó lórí ẹní lọ. Ó yà wá lẹ́nu pé ajá tó ń gbó ewé kì í gbó olè. Ìgbà tó yá ni a jí, a bá eegun ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Jẹ́nsinmi ń lá ẹnu. Tanímọ̀la ò lè wo ojú bàbá mi.

"Ìyá," bàbá mi wí, "àwọn ajá yín ti gba rìbá."

"Ìwọ náà," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn, "bí wọ́n bá gbé ẹja fún ọ nínú ọyẹ́, ṣé wàá ní kí wọ́n gbé e padà?"

Bàbá mi wá kéde pé ajá ńlá ni òun máa rà, ajá tí olè yóò rí tí yóò gbàgbé ohun tó wá jí. Ọ̀rọ̀ náà di ìpàdé. Gbogbo ẹni tó wọ ilé wa ló mọ ajá. Bàbá Àgbẹ̀dẹ ní, "Àyà ni kó o wò. Ajá tí àyà rẹ̀ bá fẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ki, kò ní já ọ kulẹ̀." Bàbá mi ní ohùn ni òun fẹ́ ní tòun, ohùn tí yóò dé ojú títì. Ìyá mi, tó ń dáná fún gbogbo wa, ní kí wọ́n ṣáà má ra èyí tí yóò jẹun ju ọmọ lọ. Ìyá Àgbà jẹ́ kí wọ́n sọ ti ẹnu wọn tán kí ó tó gbé igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Àyà, ohùn, ikùn," ó ní. "Àwọn tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Bí ajá ńlá yín bá fi eyín kan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi, èmi àti wọn á kó lọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ulé baba mi, ẹ ó sì máa dá iyán gún. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹ́ orogún lé lórí, ẹ jẹ́ kó tiẹ̀ rí orogún náà." Ohun tí ó ń sọ ni pé kí bàbá mi gbé ọ̀kan nínú àwọn ajá kékeré dání lọ ibi tí yóò ti ra ńlá. Jẹ́nsinmi ò sì lè wọ ọkọ̀, èébì á gbé e. Tanímọ̀la ló lọ. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, nítorí ẹnìkan gbọ́dọ̀ di okùn rẹ̀ mú.

Ẹ wo bàbá mi nínú bọ́lẹ̀kájà, nínú kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó gbé ajá sórí itan. Òṣú ni a kọ́kọ́ lọ. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n adìẹ dání wò ó títí, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ṣé ìdánwò ni ẹ̀ ń gbé èyí lọ ṣe?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, bàbá mi pẹ̀lú. Ọdẹ kan ní Òṣú fẹ́ yọ̀ǹda ajá rẹ̀, ajá dúdú tó ní àpá lára, ó ní ajá náà ti lé ìmàdò rí. Mo gbà á gbọ́, nítorí bí ó ṣe wo Tanímọ̀la, bí ẹni tó rí òkété ni. Tanímọ̀la kò dúró gbọ́ ìtàn ìmàdò, inú kóòtù bàbá mi ló gbà lọ, ìrù rẹ̀ nìkan ni a ń rí. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ nípa òyìnbó kan tó ń ṣe títì lẹ́yìn ìlú tí ó fẹ́ padà sílùú rẹ̀. Ajá tirẹ̀ nírun bí àgùntàn, ó sanra, ó rẹwà. Kúùkù òyìnbó náà ló ṣàlàyé: ẹran inú agolo ló ń jẹ, ọṣẹ ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, ó sì ní tìmùtìmù tí ó ń sùn lé. "Ṣé ó ń gbó?" ni bàbá mi bi í. "Ó ń gbó, sà, tí oúnjẹ rẹ̀ bá ti pẹ́." Tanímọ̀la fẹ́ràn ajá yìí gan-an, ó ti ń wá àyè lórí tìmùtìmù náà, ṣùgbọ́n bàbá mi ní òun wá ra ẹ̀ṣọ́ ni, òun ò wá ra ọ̀gá.

Òṣogbo la ti rí i, ní Sábó, láàárín àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kó màlúù wá láti òkè. Ajá náà ga débi pé orí rẹ̀ kàn mí ní èjìká. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti iyanrìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, àyà rẹ̀ sì fẹ̀ bí Bàbá Àgbẹ̀dẹ ṣe wí. Bàbá arúgbó tó ni ín ti pẹ́ ní Òṣogbo, ó gbọ́ Yorùbá ju àwa lọ. Ó ní, "Kì í gbó lásán. Ìjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ dìde." A gbé Tanímọ̀la sílẹ̀. Lójijì, àgbàlagbà ajá tí kì í bínú bẹ̀rẹ̀ sí í gbó èyí gíga lójú, ó gbó títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Èyí gíga wò ó, ó yán, ó wá rọra dùbúlẹ̀, ó tẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ojú Tanímọ̀la dọ́gba. Tanímọ̀la gbóòórùn imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì tọ̀ sí ara ọ̀pá bàbá onímàlúù. "Ẹni tó ga tó sì mọ bí a ṣe ń rẹ ara sílẹ̀," ni bàbá mi wí, "èyí ni." Mo ti dàgbà báyìí, mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹni gíga, mo sì mọ̀ pé bàbá mi kò rí èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ yàn.

Ìgbà tí a fẹ́ padà ni ọ̀rọ̀ wọ́. Ọdún Ògún ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, kò sí ọkọ̀ tí kò so màrìwò, ọ̀dọ́ imọ̀ ọ̀pẹ tó jẹ́ aṣọ Ògún, mọ́ imú. Awakọ̀ wa wo ajá náà, ó ní kò lè wọ ọkọ̀ òun bẹ́ẹ̀. "Ajá tó tó báyìí, lásìkò ọdún, láìsí màrìwò lọ́rùn? Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí mọ́tò mi takú sí ojú ọ̀nà ni?" Ó já díẹ̀ lára ti ọkọ̀ rẹ̀. Oòrùn ti ń rọ̀, bàbá mi ń kánjú, ojú ṣọ́ọ̀ṣì ló sì fi wo ọ̀rọ̀ náà. "Ṣebí ewé ni," ó ní. "Ẹ so ó." Bí a ṣe wọ Iléṣà nìyẹn, àgbà ìjọ nínú kóòtù, ó ń fa ajá ńlá lọ́wọ́, màrìwò lọ́rùn ajá, lọ́sẹ̀ tí gbogbo ilé alágbẹ̀dẹ ń wá ajá fún Ògún.

Bàbá Àgbẹ̀dẹ jáde wá láti ibi ẹwìrì, ó rí wa, ó dúró. Láti ìgbà tí bàbá mi ti wọ ìjọ ni kò ti bá wọn jókòó níbi ọdún Ògún mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a wí lọ́jọ́ kan, ó kàn ń fi ìpín rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún ni, títí yóò fi tutù. Ó wá gbé ọwọ́ lé àyà ajá náà, ó fi ọwọ́ kan màrìwò. "Àbúrò mi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì yí padà, "ìwọ fúnra rẹ lo lọ mú ajá wá fún Ògún baba wa?" Bàbá mi la ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà: ọ̀nà á là fún un, irin ò ní ṣe é, ọmọ rẹ̀ ò ní kú mọ́ ọn lójú. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà wo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò máa ṣàdúrà fún tí yóò ní kí ó dákẹ́? "Àmín," ni bàbá mi wí. "Àmín, Ẹ̀gbọ́n." Kí a tó jẹun tán ní alẹ́ yẹn, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Bàbá mi lọ bá Ìyá Àgbà nínú ìyàrá. Mo wà níbẹ̀, mò ń fi epo pa Ìyá Àgbà lára. Nígbà tí ó sọ tẹnu rẹ̀ tán, Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ara rẹ̀ ló fi bọ Ògún," ó ní. "Tìrẹ tún wọ inú mọ́tò!" Òfin kan wà nílé wa tí ọmọdé pàápàá mọ̀: ajá tí ó bá ti lórúkọ, ọmọ ilé ni, a kì í fi ọmọ ilé bọ Ògún. Bàbá mi sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ ajá náà lórúkọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá Àgbà. "Kí n fi orúkọ gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ mi kan fún ọmọ mi kejì? Mi ò ṣe é. Ìgbà tí àwọn tó wà nílẹ̀ bá gbà á ni yóò di ọmọ ilé. Ìjọ́ tí Jẹ́nsinmi bá bá a jẹ nínú àwo kan, ó di dandan kí ó lórúkọ. Bí ọdún bá bá a láìlórúkọ, ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Tàbí kí o lọ sọ òótọ́ fún un."

Bàbá mi kò lè lọ. Gbogbo ẹ̀mí ajá náà wá kù sọ́wọ́ Jẹ́nsinmi, ẹni tí kò rí orogún náà ní Òṣogbo. Ẹ má bi mí ohun tí ojú rí. Ó bu ìrù rẹ̀ jẹ. Ó gba ibi òjìji mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí èyí gíga bá dìde, á gbó. Bí ó bá jókòó, á gbó. Ajá tí gbogbo wa ń bẹ̀rù kàn ń kúrò lọ́nà fún un bí ìyàwó tuntun. Ní ìdájí kan, èyí gíga gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn náà mi ilẹ̀kùn; nígbà tí a jáde, kòkó wà níbi tó wà, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù nílẹ̀, olè ti fi í sílẹ̀ lọ. Èmi ti fẹ́ràn rẹ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Bí mo bá ń tú kòkó lọ́sàn-án, á wá gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé mi léjìká, á máa mí sí mi lọ́rùn, èmi á sì máa ka ọjọ́, nítorí mo mọ ohun tó ń bọ̀.

Ohun tó tún bà á jẹ́ ni pé kò jẹ iyán. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo Ìyá Àgbà bí ẹni tí wọ́n gbé òwú fún pé kó jẹ. "Ní Iléṣà!" Ìyá Àgbà ké. "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Èyí, kí ló fẹ́ máa jẹ?" Ìyá mi ń wá wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní fún un. Jẹ́nsinmi sì wá rí i pé iyán ń ṣòfò nínú àwo ẹnìkejì rẹ̀. Lálaalẹ́ ni ó ń lọ jẹ ẹ́. Mo sáré lọ sọ fún Ìyá Àgbà pé wọ́n ti bára wọn jẹ. "Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "ẹni tó ń kó oúnjẹ ẹlòmíràn jẹ, ṣé àjọjẹ nìyẹn?" Bàbá Àgbẹ̀dẹ náà ń wá ní ìrọ̀lẹ́. Á mú eegun wá kí ajá má baà rù, á jókòó tì í, á fi ọwọ́ tó le bí èèpo igi máa ra á lórí. Bí ọdún ti ń súnmọ́, ó ń pẹ́ kí ó tó dìde lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa mú un, ìyá mi ń gún iyán, kò sì gbé ojú sókè. Ẹran ìgbẹ́ wà nínú ọbẹ̀, Bàbá Àgbẹ̀dẹ ló fi ránṣẹ́. Ìyá Àgbà bu iyán, ó da ọbẹ̀ lé e lórí dáadáa, ó gbé e síwájú èyí gíga. Jẹ́nsinmi dé kíá, ó ti ẹnu bọ àwo. Àkókò yẹn gan-an ni Bàbá Àgbẹ̀dẹ wọlé tòun ti okùn lọ́wọ́. Èyí gíga ju ìrù sí i. Lẹ́yìn náà, bóyá ọbẹ̀ ni, bóyá ebi ni, mi ò mọ̀ dòní, ó dùbúlẹ̀, ó na ọrùn, ó sì bu iyán jẹ láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Jẹ́nsinmi kùn pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ó wá tẹ orí ba, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ, imú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú kejì. Mo fẹ́ pariwo, ìyá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Àjàní," ni Ìyá Àgbà pe ọmọ rẹ̀ àgbà, ó fi oríkì pè é. "Ó yẹ kí n sọ ọ́ lórúkọ báyìí. Ṣùgbọ́n okùn ti wà lọ́wọ́ rẹ. Kí lo wí?"

Kí ó tó fèsì, bàbá mi jáde láti inú ilé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku tòun ti ẹ̀wù funfun. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Nítorí kòkó ni mo ṣe rà á. Awakọ̀ ló so màrìwò mọ́ ọn, mi ò sì lè sọ ọ́ lójú yín."

"Mo mọ̀," ni Bàbá Àgbẹ̀dẹ wí. "Láti ìgbà tó o ti ṣe àmín yẹn ni mo ti mọ̀. Ṣebí èmi ni mo pọ̀n ọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi nínú láti máa rò ó pé o mú un wá. Dìde, ẹ̀wù rẹ ti bàjẹ́." Ó jókòó sórí àpótí. Ó wo àwọn ajá náà títí wọ́n fi lá àwo mọ́. Ó ká okùn náà, ó tì í sí àpò, ó gbé ọwọ́ lé orí ajá. "Kókúmọ́," ó ní. "Kókúmọ́ ni kí ẹ máa pè é."

Ìyá Àgbà fi etí aṣọ bo ojú. Èmi kò mọ ìdí, ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi nínú ilé ìdáná. Bàbá Àgbẹ̀dẹ bí ọmọkùnrin kan kí wọ́n tó bí mi, àbíkú ni wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Kókúmọ́ kí ó lè dúró. Ó rìn, ó sọ̀rọ̀, ó ti ń bá bàbá rẹ̀ fẹ́ ẹwìrì, kí ó tó lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, kò sí ẹni tó pe orúkọ yẹn mọ́ nínú agboolé wa. Bàbá Àgbẹ̀dẹ jáde lọ sí ọjà láti wá ajá mìíràn fún Ògún, bàbá mi sì bá a lọ, wọ́n jọ rìn ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí odó ti dákẹ́, a gbọ́ ohùn láti ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. "Kókúmọ́! Kókúmọ́ o!" Gbogbo agboolé dúró. Ajá kò tíì mọ orúkọ náà, ohùn ẹni tó ń pè é ló mọ̀. Ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọn eruku dànù lára, ó sì lọ bá a.